Gílóòbù Pupa Dúró Dáadáa

Bí ẹ bá ń wá ibi tí agídí ń gbé, ẹ má lọ jìnnà. Ẹ bèèrè ilé Dúró Dáadáa lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo fi iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ níyọ̀ tó.

Ọdún méjìdínlógójì ni ọkùnrin yìí fi ya fọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀ tí kò gbọ́ kó pariwo pé, “Dúró dáadáa!” Ìkókó tí kò tíì lè dúró, ó sọ fún un. Arúgbó tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga, ó sọ fún un. Bí wọ́n ṣe gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, tó di Dúró Dáadáa lẹ́nu gbogbo àdúgbò.

Ohun kan tún wà tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló máa ń tẹ kámẹ́rà fún ẹnikẹ́ni. “Fíìmù kì í ṣe omi,” òun ló máa ń wí. Bí o bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejèèjì, kí o yáa gba kámú. Ìdí nìyí tí Tíṣà, ìyàwó rẹ̀, fi le ojú koko nínú gbogbo fọ́tò tó wà nílé wọn, bí ẹni tó ń dúró de ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Kì í ṣe pé inú obìnrin náà kì í dùn. Kó tó rántí pé ó yẹ kóun rẹ́rìn-ín, Dúró Dáadáa á ti tẹ ẹ̀ẹ̀mejì, á ti bo ojú kámẹ́rà.

Nígbà tí fóònù tó ń ya fọ́tò dé, tí tọmọdé tàgbà di onífọ́tò ara wọn, ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dá páropáro. Fíìmù wọ́n títí, ó wá di àwátì. Dúró Dáadáa ti ilẹ̀kùn pa, ó kó àwọn abọ́ tó fi ń fọ fọ́tò, okùn tó fi ń sá wọn, àti gílóòbù pupa tó ń tàn nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀ sínú àpótí, ó wá sílé, ó jókòó, ó ń wo ògiri. Ọdún méjì gbáko ló fi wo ògiri. Tíṣà ní òun kò rí irú èyí rí, àfi bí ẹni pé ògiri ló jókòó tó fẹ́ ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ọmọ wọn. Wọ́n para pọ̀, wọ́n ra kámẹ́rà ìgbàlódé tí kì í lo fíìmù, kọ̀ǹpútà kan, àti pírǹtà tó ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ jáde. Páálí mẹ́ta ló dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wàhálà ibi tí wọn yóò gbé e sí náà bá páálí wọlé.

Yàrá kan ṣoṣo ló ṣófo nínú ilé, èyí tí àbígbẹ̀yìn wọn fi sílẹ̀ nígbà tó relé ọkọ. Tíṣà ti sàmì sí yàrá yìí láti ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ọmọ náà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ra maṣíìnì ìránṣọ onífẹsẹ̀tẹ̀, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sì ti ń ránṣọ, níbi tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ́ òwú. Fèrèsé ńlá wà nínú yàrá yẹn, oòrùn ń wọ ibẹ̀ fọ́ọ́. Ó ti fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbé páálí yín sí pálọ̀.”

“Pálọ̀? Ta ló ń fọ fọ́tò ní pálọ̀? Òkùnkùn ni fọ́tò ń fẹ́.”

“Ìmọ́lẹ̀ ni aṣọ ń fẹ́. Ṣé kí n máa fi ojú inú tọ́ òwú sínú abẹ́rẹ́ ni?”

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ há sí. Ọ̀kan fẹ́ ṣí fèrèsé, èkejì fẹ́ dí i, ẹ sì wo bí wọ́n á ṣe jọ jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n Dúró Dáadáa wọlé. Ẹ̀gbọ́n yìí, obìnrin ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́ lọ. Gbogbo fọ́tò tí àbúrò rẹ̀ ti yà á láti ọjọ́ tó ti gbé kámẹ́rà, ó ti fà á ya. Ó ní kò sí èyí tó jọ òun. Ó gbọ́ ẹjọ́ wọn látòkè délẹ̀, ó mu tíì rẹ̀ tán, ó gbé ife sílẹ̀.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́. Àbúrò mi, ya mí ní fọ́tò nísinsìnyí. Mò ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí mo bá bá fọ́tò mi lára ògiri pálọ̀ yìí, tí mo sì gbà á, ìwọ lo ni yàrá. Bí mi ò bá gbà á, kí ìyàwó mi gbé maṣíìnì rẹ̀ wọlé, kí ìwọ di páálí rẹ padà fún àwọn ọmọ, kí wọ́n fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ṣé ẹ gbà?”

“Mo gbà, Ìyá,” ni Tíṣà wí kíákíá, bí ẹni tó ti rí ìdáhùn nínú ìwé.

Ọkàn Dúró Dáadáa já. Kì í ṣe ti yàrá nìkan. Bí wọ́n bá kó páálí wọ̀nyí jáde, òun ti di onífọ́tò àná nìyẹn, ó sì kù kó máa wo ògiri títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ẹ̀rù yẹn bà á gan-an. Ṣùgbọ́n ẹnu ọkùnrin kì í gbẹ́yìn. “Èmi náà gbà,” ló wí.

Ó gbé Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo orúkọ ara rẹ̀, ó tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mejì, ó bò ó.

“Ó tán?” ni Ẹ̀gbọ́n bèèrè.

“Ó tán, Ẹ̀gbọ́n mi. Fíìmù kì í ṣe omi.”

“Ṣebí wọ́n ní ti ìsinsìnyí kì í lo fíìmù?”

Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó tó àkókò láti yọ káàdì kékeré tí fọ́tò ń wà lórí rẹ̀, ẹ wá wo ọkùnrin yín. Ó fi aṣọ dúdú bo orí àti ọwọ́, ó ń táràrà nínú aṣọ, ó yọ káàdì náà, ó wé e ní ìlọ́po mẹ́rin, ó tì í bọnú agolo bisikíìtì, kí oòrùn má bàa rí i. Ọmọ ọdún méje ló mọ̀ pé oòrùn kò lè fi káàdì yẹn ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún méjìdínlógójì sá fún ìmọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró bọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà jí, ó jókòó sídìí maṣíìnì, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò yí. Bẹ́líìtì awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ mọ́ tòkè ti dàwátì. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó gbọn gbogbo aṣọ wò.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò bá mi rí bẹ́líìtì maṣíìnì mi?”

“Bóyá eku ló gbé e,” ni Dúró Dáadáa dáhùn, láìgbójú sókè.

“Eku wo ló ń ránṣọ?”

Ẹ̀yin náà ti fura, àbí? Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

Ó wọ yàrá lọ, ó sì ṣètò rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi aṣọ dúdú dí fèrèsé pinpin. Ó yọ gílóòbù funfun, ó fi pupa rẹ̀ sí i. Ó ta okùn láti igun kan dé èkejì, ó sì lọ já péègì ìsáṣọ Tíṣà méjìlá wá síbẹ̀, aṣọ tí wọ́n ń dì mú já sílẹ̀. Ó to abọ́ mẹ́ta sórí tábìlì. Omi ìfọfọ́tò kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ó bu omi ẹ̀rọ sínú èyí tó kẹ́yìn, kí iṣẹ́ má bàa dà bíi pé kò pé. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pé: FỌ́TÒ Ń JÁDE, MÁ WỌLÉ. Nígbà tó tan gílóòbù pupa yẹn, tí gbogbo yàrá pọ́n, inú rẹ̀ dùn débi tó fi ń kọrin. Ó dà bíi pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tún ṣí.

Ó wá kù kó so kọ̀ǹpútà pọ̀. Ìwé tó bá a wá, ó fi ṣe ìdúró fún tábìlì tó ń mì. Wáyà mẹ́fà ló wà nínú páálí, gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn gùn, ó sì ń ki èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ bọ ihò tó bá gbà á. Ó rẹ̀ ẹ́, ó pe àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lórí fóònù.

“Bàbá mi, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà níwájú. Kí lẹ rí?”

“Òkùnkùn.”

“Ṣé ẹ ti ki wáyà iná bọ ara ògiri?”

“Ó ku ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Bóyá òun ni.”

Òun ni. Kọ̀ǹpútà tàn, Dúró Dáadáa fò sẹ́yìn, ó fi aṣọ dúdú bo pákẹ́ẹ̀tì bébà tó bá pírǹtà wá kí ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà má bàa jó o.

Ó di ọ̀rọ̀ máòsì. Ọmọ ní kó máa fà á lọ, kí ọfà kékeré máa tẹ̀ lé e. Ó fà á, ó fà á. “Tábìlì ti tán o!” ló pariwo. Ọmọ rín ẹ̀rín títí, ó ní kó gbé e sókè, kó dá a padà. Lẹ́yìn náà ó ní kó tẹ fọ́tò Ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Dúró Dáadáa tẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sójú, ó dúró fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, bí ẹni tó ti fọ́tò bọ omi, ó wá tẹ ẹ̀ẹ̀kejì.

“Kò ṣí.”

“Bàbá mi, ẹ̀ẹ̀mejì léra, kíá kíá!”

“Iṣẹ́ fọ́tò kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú.”

Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ kíá kíá, Ẹ̀gbọ́n sì yọ gbàgà. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ ìyanu ni. Ọmọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ó tún fi ibi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀ ṣe hàn án, àwọn ìlà mẹ́ta kan: pupa, àwọ̀ ewé, àti búlúù, tí èèyàn lè fà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

“Ṣùgbọ́n Bàbá mi, ṣé iná funfun ló wà nínú yàrá yẹn? Ìmọ́lẹ̀ dáadáa lẹ máa fi wo àwọ̀ o.”

Dúró Dáadáa gbójú sókè wo gílóòbù. Ó pọ́n yòò bí ojú ẹni tó ń bínú.

“Funfun báláú ni,” ló dáhùn.

Ó gbọ́ ẹ̀rín kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kúẹ́kúẹ́kúẹ́, bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni. Ìdí Tíṣà nìkan ló rí tó ń wọ kíṣìnì.

Ní Ọjọ́rú ló tẹ fọ́tò àkọ́kọ́ jáde. Ó gbé e sábẹ́ gílóòbù, ó wò ó, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n, tó dúdú tó ń dán, ti funfun báláú bí ẹni tí wọ́n da pọ́dà lé lórí. Lójú kọ̀ǹpútà kò burú, ṣùgbọ́n Dúró Dáadáa kò ka ojú kọ̀ǹpútà sí. “Gíláàsì lásán nìyẹn. Bébà ni fọ́tò.” Ó ní bóyá ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára rẹ̀, ó fa ìlà pupa sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́ jáde. Funfun sí i. Ó dá pupa padà sísàlẹ̀, ó fa ìlà àwọ̀ ewé díẹ̀. Ẹ wá wò ó! Ojú Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ó ń ní ara. Ó fà á sí i, ó dára sí i. Ó fà á dé òpin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ gílóòbù pupa, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Abẹ́ iná pupa, ohunkóhun tó bá pọ́n á dà bí ohun tó funfun, ohun tó bá ní àwọ̀ ewé á sì dà bí ohun tó dúdú. Ní ìgbà fíìmù, kò ṣe nǹkan kan, nítorí dúdú àti funfun nìkan ló ń fọ̀ níbẹ̀. Fọ́tò aláwọ̀, ìgboro ló ń rán an lọ kí wọ́n bá a fọ̀ ọ́. Ó mọ iṣẹ́ náà délẹ̀délẹ̀, ìmọ̀ yẹn gan-an ló sì tì í sí kòtò.

Gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, ó ń lé e. Ó ní fọ́tò tí kò tíì gbẹ kò gbọdọ̀ fojú kan oòrùn, kí wọ́n jẹ́ kó wà lórí okùn títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó síwájú fọ́tò tó gbà pé ó pé, omi sì lé sí i lójú. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe ohun tó dára bẹ́ẹ̀. “N kò tíì kú,” ló sọ fún ara rẹ̀. Inú òkùnkùn níbẹ̀ ló ti fi sí férémù, ó fi aṣọ dúdú wé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Tíṣà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Dúró Dáadáa gbé férémù kọ́ ara ògiri tòun ti aṣọ tó wé e. Ó wọ kóòtù tó fi ń ya fọ́tò ìgbéyàwó láyé ọjọ́un.

“Ẹ dúró dáadáa,” ló wí, ó sì fa aṣọ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n wà nínú férémù, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, ó jókòó bí ọbabìnrin. Láti orí dé ẹsẹ̀, àwọ̀ ewé ni. Kì í ṣe àwọ̀ ewé díẹ̀ o. Ewé tó gba òjò lánàá.

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó súnmọ́ ògiri.

“Àbúrò mi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣé o yà mí ni, àbí o gbìn mí?”

Ẹ̀rín já lẹ́nu Tíṣà bí omi tó wó ògiri. Ó di àga mú, ó rín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Dúró Dáadáa ń wo fọ́tò, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àánú rẹ̀ á ṣe yín bí ẹ bá rí i. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn yí padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wọ yàrá lọ, ó sì jókòó sórí àpótí lábẹ́ gílóòbù pupa rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Tíṣà ni.

“Wọ̀n ọ́n,” ni Dúró Dáadáa wí, láìbojú wẹ̀yìn. “Yàrá ti di tìẹ. Ìwọ àti téèpù rẹ, ẹ ṣe bẹ́ ẹ ti fẹ́.”

Tíṣà kò wọn nǹkan kan. Ó lọ tààrà sí fèrèsé, ó fa aṣọ dúdú. Kò já. Wọ́n ti fi nǹkan kan so ó mọ́ ìṣó. Ó fọwọ́ wá kókó, ó tú u, aṣọ já sílẹ̀, oòrùn wọlé gìrìrì. Tíṣà gbé ohun tó tú sókè. Bẹ́líìtì awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

“Eku yìí mà gbọ́n o,” ló wí. “Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó.”

Ṣùgbọ́n Dúró Dáadáa kò ráyè ìtìjú, nítorí pé ó ti rí pákẹ́ẹ̀tì bébà rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ nínú oòrùn. “Bébà mi! Ó ti jóná! Gbogbo ẹ̀ ti jóná!”

Tíṣà yọ ọ̀kan, ó gbé e síwájú oòrùn gan-an. “Kí ló ṣe é?”

Ọkọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wò ó, ó ń dúró dè é kó dúdú bíi bébà ayé ìgbà fíìmù. Ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú. Bébà funfun nini. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kọjá, bébà ṣì funfun.

“Ẹ rántí búláòsì funfun tí mo rán nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi níyàwó?” ni Tíṣà bèèrè. “Mo wá bá yín jókòó nínú yàrá òkùnkùn yín, mo mú òwú tí mo pè ní funfun, mo fi ká etí rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ lọ síléèwé. Òwú pupa ni. Títí tí mo fi kúrò ní iléèwé yẹn, Ìlà Pupa ni àwọn ọmọ ń pè mí lẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ tí ẹ sọ fún ọmọ yín pé iná funfun báláú ni mo ti mọ̀ pé gílóòbù yìí máa ṣe yín bó ṣe ṣe mí.”

“O mọ̀, o sì dákẹ́?”

“Yàrá ni mò ń wá. Ta ló jí bẹ́líìtì?”

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ sá jáde lẹ́nu Dúró Dáadáa. Àṣegbé kan ò sí, àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n.

“Mo rín jù lẹ́ẹ̀kàn,” ni Tíṣà wí nígbà tó yá. “Nígbà tí mo rí ojú yín, ó dùn mí. Ẹ gba yàrá, ẹ má gba yàrá, ẹni tó ń wo ògiri ni mi ò fẹ́ rí mọ́ nínú ilé yìí. Ó yá, ẹ dìde, ẹ dá ìlà yẹn padà sáàárín.”

Ó pa gílóòbù. Ó fa ìwé kúrò lábẹ́ tábìlì, ó ṣí i bí olùkọ́ tó wọ kíláàsì, ó ń ka, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dá ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáàárín. Pírǹtà kùn, ó kùn, ó sì pọ fọ́tò jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé e síwájú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n nìyí, dúdú tó ń dán, pẹ̀lú eyín iwájú tó yọ díẹ̀, ojú tó ń dẹ́rìn-ín pani àti gbogbo ìlà tí ọgọ́rin ọdún fà síbẹ̀. Láti ìgbà tí Dúró Dáadáa ti ń ya fọ́tò, kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ fọ́tò aláwọ̀ tó dára jáde rí.

Wọ́n sáré gbé e lọ sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó nà án síwájú, ó wò ó pẹ́.

“Ta ni arúgbó yìí?”

“Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.” Ó dá a padà fún un. Ó na ọwọ́, ó yọ férémù aláwọ̀ ewé kúrò lára ògiri, ó há a sábíyá. “Èyí ni mo gbà. Mo ti ń wò ó látìgbà tí ẹ ti wọlé. Kò sí ìhunjọ kan báyìí lójú mi. Ọmọ ogójì ọdún ni mo jọ. Kí ló kàn mí bí mo bá tutù díẹ̀? Mo ti dájọ́, àbúrò mi: ìwọ lo ni yàrá.” Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń lọ, ó ń gbé ara rẹ̀ jó.

Tíṣà dúró sójú kan. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ó wo bẹ́líìtì tó wé mọ́ ọrùn ọwọ́, ó yọ téèpù lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

“Ọ̀rọ̀ kì í yẹ̀ lẹ́yìn àgbà,” ló wí. “Ẹ kú oríire.”

“Èmi ni mo ni yàrá?” ni Dúró Dáadáa bèèrè.

“Ẹ̀yin ni.”

“Ṣé ẹni tó bá wù mí ni mo lè gbà síbẹ̀?”

“Ẹ gba ẹni tó bá wù yín.”

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbá orí maṣíìnì mú. “Wá bá mi dì í mú lápá ọ̀hún. Irin yìí wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.” Wọ́n gbé e, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di iwájú fèrèsé. Wọ́n sún tábìlì kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yàrá gba àwọn méjèèjì, kódà ó tún kù. Kò sẹ́ni tó nílò òkùnkùn mọ́.

Tíṣà fi bẹ́líìtì sí kẹ̀kẹ́, ó jókòó, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó yí. Dúró Dáadáa gbé kámẹ́rà.

“Dúró dáadáa!”

“Mo jókòó ni, Bàbá àwọn ọmọ.”

Ó le ojú koko bó ṣe máa ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ tẹ ẹ̀ẹ̀kan, ó tẹ ẹ̀ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí ìbòrí kámẹ́rà kó tó dúró. Ó ronú díẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà padà sójú, ó tẹ ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó tẹ ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ó tẹ̀ ẹ́ kíá kíá bí ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó gorí àpótí.

“Ẹ̀yin! Ṣé orí yín pé? Ṣé fíìmù ò ní tán ni?” ni Tíṣà kígbe, ó sì gbàgbé ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ nínú oòrùn.

Ẹ̀ẹ̀kọkànlá nìyẹn, òun ló sì mú ẹ̀rín Tíṣà sínú fọ́tò.